Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ gbé rìn: bẹ́ ẹ ṣe lè ṣèwádìí lórí ilé ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ àti òfin fóònù láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ máa ń bi mí bóyá ó ṣeé ṣe kéèyàn jẹ́ olùwádìí tó mọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, kó tún mọ̀ nípa iṣẹ́ tí ará ìlú fi ń jẹun, kó tún wá máa dá sí ọ̀rọ̀ òfin fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe dáadáa, òun ni mo ń ṣe láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé, àmọ́ ẹ má rò pé iṣẹ́ mẹ́ta lẹ fẹ́ kọ́ o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ẹ máa mú un, ẹ máa gbé e wọ ilé ìwé, ẹ máa gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ẹ máa gbé e dé iwájú àwọn tó ń ṣòfin. Ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ tó rẹ̀ lójú ọ̀nà, ohun tó ṣe wọ́n ò ju pé wọ́n ń sá tẹ̀lé ohun tó bá ń jà ràn-ìn lọ́dún yẹn, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á tún sá tẹ̀lé òmíì, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìgbéga wá pè wọ́n jókòó pé kí ni iṣẹ́ yín gan-an, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ìbéèrè tèmi nìyí: tí ìjọba bá sọ pé nǹkan kan ti wà fún gbogbo èèyàn, ta gan-an ni nǹkan ọ̀hún dé ọwọ́ ẹ̀, ta ló sì kù síta? Inú ilé wa ni mo ti rí i. Oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa níbí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tó wà ní kíláàsì sì fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú, ó lé ní 800,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá tó bí ìyá mi ń ta obì ní Ṣàgámù nígbà yẹn. Ó mú ọmọ méjì lọ sí ilé ìwé ọ̀fẹ́ yìí, ó dá ẹ̀kẹta dúró sílé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, wọ́n ti ní kò sówó. Ẹni tó máa bá a ru obì dé Sábó ni kò sí. Àǹtí mi tí wọ́n dá dúró yẹn dàgbà, ó sòwò, ó kọ́lé, ó tọ́ ọmọ yanjú, síbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, tí fóònù ẹ̀ bá ti dún, á nà án sí ọmọdé tó bá wà nítòsí pé “bá mi wò ó, ta ló ń pè?” Ẹ wò ó dáadáa. Ilé ìwé tí kò lọ, ẹrù tó ń rù, fóònù tí kò lè dá kà, ara èèyàn kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Látìgbà tí mo ti rí ìyẹn ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni bí yunifásítì ṣe pín wọn sí ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Torí náà ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí, ẹ má tíì wá àkòrí kankan o. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ohun tó ń dùn yín nínú bí nǹkan ṣe ń lọ ládùúgbò yín, ẹ kọ mẹ́wàá, kódà kó jẹ́ ohun kékeré. Lẹ́yìn náà ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò báyìí: ṣé mo lè bi olùkọ́ ní ìbéèrè yìí, ṣé mo lè bi oníṣẹ́ ọwọ́, ṣé mo lè bi ẹni tó ń ta dátà? Èyí tó bá lè dúró níwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìyí padà, òun ni kẹ́ ẹ mú. Ọmọ ilé ìwé mi kan mú “ta ló ń san owó kéèyàn tó mọ nǹkan?” Ó fi bẹ̀rẹ̀ lórí owó ẹ̀kọ́ àfikún tí àwọn òbí ń san ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó gbé e dé orí owó ìkọ́ṣẹ́, ní báyìí owó dátà táwọn ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù ló ń wò. Kò tíì yí ìbéèrè ẹ̀ padà láti ọdún mẹ́jọ.

Tí ìbéèrè bá ti wà, ẹ wá ilé tẹ́ ẹ máa gbé. Ohun tí mò ń pè nílé ni dípátímẹ́ǹtì kan tí wọ́n á ti kọ́ yín ní ọ̀nà ìwádìí tó múná dóko, ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ó lè jẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀, àmọ́ ẹyọ kan ni o. Ẹ má lọ gba dìgírì mẹ́ta torí pé ọ̀rọ̀ yín kan ẹ̀ka mẹ́ta, ẹ̀ka méjì tó kù, kíkà lẹ máa kà á wọlé. Ilẹ̀ wa níbí kúkú kún fún ilé ẹ̀kọ́, OOU (Olabisi Onabanjo University) wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982 nígbà tó ṣì ń jẹ́ Ogun State University, Babcock di yunifásítì ní Ìlíṣàn ní 1999, TASUED (Tai Solarin University of Education) dé Ìjàgun ní 2005, òun sì ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ má jẹ́ kórúkọ yunifásítì nìkan gbé yín lọ síbì kan. Súpáfáísọ̀ ni kẹ́ ẹ wádìí. Ẹ wá àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ bi wọ́n pé tí wọ́n bá fún un ní orí kan, ọ̀sẹ̀ mélòó ló ń fi kà á? Ẹni tó ń kà á láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó sì fi báírò pupa kọ ọ́ kún, ẹ di irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú, kódà kó má mọ nǹkankan nípa fóònù.

Ẹ tún ka ìtàn ibi tẹ́ ẹ wà. Mo máa ń rí àwọn ọmọ tó mọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ilé ìwé àti iṣẹ́ ní Jámánì, tí wọn ò sì mọ̀ pé Tai Ṣólàrín fi ipò ọ̀gá ilé ìwé Molusi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, níbi táwọn ọmọ ti ń roko, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan tí wọ́n ń lò. Ọ̀rọ̀ bóyá ilé ìwé yẹ kó kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ti jà á lórí ilẹ̀ yìí gan-an kí wọ́n tó bí yín.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù torí ó ti kó àgbà lẹ́kíṣọ̀rà sí wàhálà. Kẹ́ ẹ tó lo nọ́ńbà kankan, ẹ béèrè pé kí ni wọ́n kà, báwo ni wọ́n sì ṣe kà á. Ẹ wo ti àìríṣẹ́ṣe. Nígbà tí 2020 ń parí lọ, NBS, àjọ ìjọba tó ń ka nǹkan ìlú, ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó fẹ́ ṣiṣẹ́, 33.3 ni kò ríṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n ní 4.1 ni. Ṣé iṣẹ́ ya wọ̀lú ni? Rárá o, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò bá tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n ń kà á sí, ní báyìí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré tó mówó wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó níṣẹ́ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń kà á káàkiri ayé ni wọ́n tẹ̀ lé. Méjèèjì lè wúlò, àmọ́ ẹni tó bá fi 33.3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4.1 tó wá kọ ọ́ pé nǹkan ti dáa, ẹni yẹn ò ṣèwádìí.

Ti fóònù náà rí bẹ́ẹ̀. Oṣooṣù ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ń gbé iye láìnì tó ń ṣiṣẹ́ jáde, èèyàn á sì sáré sọ pé iye èèyàn tó ní fóònù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ láìnì ni wọ́n kà, wọn ò ka èèyàn. Ìyá tó ń ta gàárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní síìmù mẹ́ta nínú fóònù méjì, ọ̀kan fún dátà, ọ̀kan fún báǹkì, ọ̀kan torí ọmọ ẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Èèyàn kan ni, mẹ́ta ni wọ́n kà. Lóṣù kẹta 2024 nǹkan bíi 219 mílíọ̀nù láìnì ló wà lákọsílẹ̀, nígbà tó máa fi di oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ wò tí wọ́n sì ti àwọn láìnì tí kò ní NIN pa, ó di nǹkan bí 154 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ti fi 219 yẹn kọ tíísìsì, ẹ fojú inú wo ipò tó wà. Nílé ìwé ńkọ́? Orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà àti orí tẹ́ ẹ máa kà ní kíláàsì láàárọ̀ Fráídè, wọn kì í dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an máa ń yí ìtumọ̀ padà. “Fún gbogbo èèyàn” tí mò ń sọ yìí, Theodore Vail, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ fóònù AT&T ní Amẹ́ríkà, ti ń lo gbólóhùn “universal service” láti nǹkan bí 1907, àmọ́ ohun tó ń sọ nígbà náà ni pé kí gbogbo fóònù wà lórí ètò kan ṣoṣo kí wọ́n lè pe ara wọn, kì í ṣe pé kí gbogbo ilé ní fóònù. Ó pẹ́ kó tó wá túmọ̀ sí pé kí ó dé ọ̀dọ̀ tálákà àti ará oko. Nínú òfin tiwa ti 2003, Nigerian Communications Act, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní USPF fún àwọn ibi tí iléeṣẹ́ ò lè fúnra wọn lọ torí kò sí èrè níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí gbólóhùn kan nínú òfin, ẹ wádìí ohun tó túmọ̀ sí lọ́dún tí wọ́n kọ ọ́.

Ó ku kẹ́ ẹ jáde lọ bá èèyàn. Ẹ má kàn já wọ ọjà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ bí òṣìṣẹ́ owó orí. Tó bá jẹ́ ọjà, ẹ kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà, tó bá jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní alága, wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣàlàyé ara yín lẹ́nu kẹ́ ẹ tó fa lẹ́tà yunifásítì yọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ tún mọ àsìkò tẹ́ ẹ máa lọ. Télọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Iléyá bá ti ku oṣù kan, ẹ má dán an wò. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ayẹyẹ Ojúde Ọba, regbéregbé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ló ń rán aṣọ tiẹ̀, àwọn télọ̀ ò sùn, ẹni tó bá wá bi wọ́n níbèèrè lásìkò yẹn, wọ́n á kàn dá a lóhùn kó lè lọ ni. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún. Owó ti wọlé, ara ti balẹ̀, gbogbo ìtàn tí wọ́n kó jọ ló máa wà lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè Àje. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ Singer dúdú tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà. Màdáámù ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, JSS3 ló ti kúrò nílé ìwé. Mo mú ìbéèrè 42 lọ síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ lórí ìwé. Mo jókòó títí, mo wá rí i pé fóònù màdáámù ò sí lórí tábìlì, inú ọ̀rá kékeré kan ló wà, wọ́n so ó mọ́ irin ojú fèrèsé, wọ́n sì fi òwú pupa sàmì sí ibi tí wọ́n so ó sí gan-an. Mo béèrè. Ọmọ náà ní ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ó bá sún díẹ̀ sápá ọ̀tún kò ní wọlé mọ́. Orí WhatsApp làwọn oníbàárà ń fi sítáì ránṣẹ́, tí ó bá ti dún, òun ló máa ń lọ já a. Mo ní tí wọ́n bá wá kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn ńkọ́, pé kí wọ́n dín ìbàdí kù, kí wọ́n fi kún apá? Ó dákẹ́. Ó wá sọ pé òun máa ń bẹ oníbàárà pé kí wọ́n “fi ohùn sí i,” tó bá ti jẹ́ ohùn, òun á tẹ ìràwọ̀ sí i kó má bàa sọnù, òun á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, òun á wá gbé e sínú ìwé òun. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ìwé ọ̀hún. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ bò ó. Nígbà tó yá ó ṣí i fún mi: kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, àwòrán ni, apá aṣọ, ọrùn, ìbàdí, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ló sì pé pérépéré.

Ọmọ tí ìwé ẹ̀rí ẹ̀ sọ pé ó parí JSS3, tí kò lè ka gbólóhùn mẹ́ta, ló fúnra ẹ̀ dọ́gbọ́n ọ̀nà ìkọ̀wé kan tó ń gbé ṣọ́ọ̀bù odindi ró. Nínú ìbéèrè mi 42, kò sí ìkankan tó lè mú ìyẹn jáde. Látọjọ́ yẹn, wákàtí àkọ́kọ́ níbi tí mo bá dé, mi ò kí ń béèrè nǹkankan, mo máa ń wo ibi tí wọ́n gbé fóònù sí, mo máa ń wo ohun tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, mo máa ń wo ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Èmi náà ń gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tó kọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀gá, ẹ tún gbà á lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ fúnra ẹ̀ lọ́tọ̀, tó bá ṣì kéré ẹ gbà á lọ́dọ̀ òbí ẹ̀ náà, ẹ yí orúkọ padà, ẹ má kọ ohun tí wọ́n fi lè dá ṣọ́ọ̀bù mọ̀. Tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú ni wọ́n sọ, Ìjẹ̀bú ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá inú ìwé, torí tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe tán, nǹkan ti bọ́ sọnù níbẹ̀ tẹ́ ò ní rí mọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ẹ má sọ pé tó bá dọ̀la. Ẹ má sì ṣèlérí owó tàbí iṣẹ́ fẹ́nikẹ́ni, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ gbé aṣọ wá kí wọ́n bá yín rán an, ẹ san owó tó péye.

Báwo lẹ ṣe máa wá kúrò lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé àti iṣẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ fóònù láìjẹ́ pé wọ́n sọ pé ẹ kò mọ nǹkan tẹ́ ẹ ń ṣe? Ohun tí mò ń pè ní ìwé afárá ni. Ẹ kọ ìwé kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan wà ní ẹ̀ka tẹ́ ẹ ti wá, tí ẹsẹ̀ kejì wà níbi tẹ́ ẹ ń lọ, kó jẹ́ àkọsílẹ̀ ìwádìí tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ lẹ máa lò. Tèmi jáde láti ara àwọn obìnrin tó ń jókòó sábẹ́ àǹbùrẹ́là ní gáréèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré ò ní rántí pé kí GSM tó dé, láìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà ò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, ọwọ́ NITEL, iléeṣẹ́ fóònù ìjọba, sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Oṣù kìíní 2001 ni wọ́n ta láísẹ́ǹsì, 285 mílíọ̀nù dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síìmù wọ́n gógó, torí náà obìnrin kan á ra fóònù kan, á jókòó sábẹ́ àǹbùrẹ́là, èèyàn á wá pè níbẹ̀, 50 náírà ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí Glo tí Mike Adénúgà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, dá sílẹ̀ wá dé lóṣù kẹjọ 2003, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní sẹ́kọ́ǹdù sẹ́kọ́ǹdù, tí síìmù náà ń wálẹ̀, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ní fóònù tiwọn. Àwọn obìnrin yìí ò kúrò níbẹ̀ o. Wọ́n di ẹni tó ń ta káàdì. Nígbà táwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra káàdì láti inú fóònù, tí CBN sì ti fi ìlànà ilé ìfowópamọ́ aṣojú lélẹ̀ ní 2013, wọ́n di oní-POS. Níbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó náírà ò sí nílẹ̀, abẹ́ àǹbùrẹ́là kan náà làwọn lẹ́kíṣọ̀rà ti lọ ń tò.

Mo ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin yìí lẹ́nu wò tẹ́lẹ̀ lórí iṣẹ́ àti ìwé tí wọ́n kà. Gbogbo ohun tí mo fi kún un ò ju ìbéèrè kan lọ: òfin wo tàbí owó tí wọ́n yí padà wo ló lé yín kúrò lórí òwò tẹ́ ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀, báwo lẹ ṣe kọ́ tuntun? Ìwé yẹn ló mú mi kọjá. Àmọ́ ọdún kan gbáko ni mo fi ka ohun táwọn tó wà lẹ́ka òfin fóònù ti kọ kí n tó fi í ránṣẹ́, mo sì wá ẹnì kan tó jẹ́ ẹnjiníà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tá a jọ kọ ọ́, torí àwọn nǹkan kan wà tí mo rò pé mo mọ̀ tó jẹ́ pé òun ló là mí lójú sí i, pàápàá ìdí tí òpó fi lè wà níwájú ilé yín tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì lágbára. Ẹ má dá a kọ.

Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi òfin, iṣẹ́ náà yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣòfin ò ní ka ojú ewé ọgbọ̀n. Tí NCC bá fẹ́ gbé ìlànà tuntun jáde, wọ́n máa ń gbé àbá ẹ̀ síta, wọ́n á ní kí ará ìlú fèsì, wọ́n sì máa ń pe ìpàdé lé e lórí. Àwọn iléeṣẹ́ ló máa ń kún ibẹ̀, pẹ̀lú lọ́yà wọn. Ẹ kọ èsì ojú ewé méjì, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tẹ́ ẹ rí, ibi tẹ́ ẹ ti rí i, ìlà wo nínú àbá náà lẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá kàn kọ pé “ó yẹ kí ìjọba ṣe nǹkan sí i,” wọn ò rí nǹkan mú nínú ẹ̀.

Ẹ fi ìlérí ìjọba fúnra ẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì ti orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbé jáde ní 2020 sọ pé nígbà tó bá fi máa di 2025, 1GB ò gbọ́dọ̀ ju 390 náírà lọ, pé àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni íntánẹ́ẹ̀tì tó yára á ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Oṣù kìíní 2025 ni NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fowó kún owó wọn tó ìdajì èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ iye tí wọ́n ń ta 1GB sílẹ̀ lóṣooṣù ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Ṣàgámù láti 2020, àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni yẹn, wúrà ni. Ẹ tún wo ìpínlẹ̀, ẹ má wo Àbújá nìkan. Owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà kí wọ́n tó lè gbẹ́lẹ̀ ri wáyà wà lára ohun tó ń mú kí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n, ní 2020 àwọn gómìnà fẹnu kò pé kó jẹ́ 145 náírà fún mítà kan. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà ní tòótọ́ níbi tẹ́ ẹ wà.

Nǹkan kan tún wà tó ń dùn mí títí dòní. Mo dé ilé ìwé kan ní Rẹ́mọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n mú mi wọ yàrá kan, kọ̀ǹpútà ogún ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Kò síná, kò sí epo jẹ́nẹ́rétọ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Olùkọ́ tó mú mi wọlé fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ nu eruku orí ọ̀kan, ó ní “ẹ̀gbọ́n, nínú ìwé tí wọ́n kọ, wọ́n ti kà wá mọ́ àwọn tó ní o.” Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn ni mo gbé lọ sínú èsì ojú ewé méjì tí mo kọ́kọ́ kọ, mo ní kí wọ́n yéé ka kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé fúnni, kí wọ́n máa ka wákàtí tí ọmọ fi lò ó.

Nípa títẹ ìwé jáde, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID yín lónìí, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí, ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà 16 ni, òun ló máa kó gbogbo iṣẹ́ yín jọ nígbà tó bá jẹ́ pé jọ́nà ẹ̀kọ́ ni ọ̀kan jáde sí, tí òmíì jáde sí jọ́nà fóònù. Ẹ sá fún jọ́nà tó bá gba ìwé yín lọ́jọ́ mẹ́ta tó ní kẹ́ ẹ sanwó. Mo ti sanwó fún irú ẹ̀ rí nígbà tí mò ń du ìgbéga, ẹnikẹ́ni ò ka ìwé yẹn, mi ò sì lè gbé e lọ síbòmíì mọ́, àkọsílẹ̀ ìwádìí ọdún méjì ló bá a lọ. Ní ti owó, tẹ́ ẹ bá wà ní yunifásítì ìjọba, TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, ní owó ìwádìí kan tó ń gba ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ wá, ẹ máa béèrè ní ọ́fíìsì ìwádìí yín. Tẹ́ ò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣe èyí tí kò ná yín ju owó mọ́tò lọ. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2020 àti 2022, oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ tá a fi wà nílé, inú ọjà ni mo wà, ìwé tí mo kọ nígbà yẹn ló sì dáa jù nínú tèmi. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ìwádìí yín pa mọ́ síbi mẹ́ta. Òjò kan ṣoṣo, láàárín Òdògbólú sí Ìjẹ̀bú-Òde lórí ọ̀kadà, ló pa ìwé ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn mọ́kànlá rẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì ní láti padà lọ bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì nínú wọn ti kó lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rí nǹkan, ẹ padà lọ sọ fún àwọn tó fún yín. Mo gbé èsì ìwádìí télọ̀ yẹn lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Alága wọn ló dìde níbẹ̀ tó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́, kó kọ́kọ́ ní kó kàwé díẹ̀ fún òun, kì í ṣe láti lé e, kó lè mọ ẹni tí wọ́n máa wá olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ fún. Mi ò dá irú ẹ̀ lábàá, inú wọn ló ti jáde.

Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé kékeré kan lọ sí gáréèjì tó sún mọ́ yín. Ẹ kọ déètì sókè. Ẹ kọ iye tí wọ́n ń ta 1GB, ẹ ka àǹbùrẹ́là tó wà níbẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń tà. Lẹ́yìn náà ẹ wá ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, ẹ kí i dáadáa, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi í pé, “Màmá, kí lẹ̀ ń tà níbí kẹ́ ẹ tó máa ta èyí?” Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.